Ọ̀bẹ Jámánì Bàbá Ìrètí

Ọkọ mi kò lè rí ohun kan kí ó má fi èékánná kàn án wò. Àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Awo, ìgò, ìkòkò, àga ṣọ́ọ̀ṣì, orí ọmọ tuntun (kí Ọlọ́run dárí jì í), ohunkóhun tí ó bá ti lè dún, yóò ta á ní ìka, kò, kò, kò, yóò dẹ etí sí i bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, yóò mi orí, yóò sì sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. "Jàpáànù." "Ṣáínà ni èyí, ẹ má tàn mí." Bí nǹkan náà bá wá wú u lórí gan-an, yóò gbé ohùn sókè: "Jámánì!"

Bàbá Ìrètí kò dé Jámánì rí o. Kàdúná ni ibi tó jìnnà jù tí ó dé láyé, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó sì lò níbẹ̀ tí ibà fi gbé e padà wálé.

Ọdún mẹ́rin rèé tí a sin ín sí Ìkàrẹ́, ìlú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé pósí wọlé, tí gbogbo wa ń sunkún, Ìrètíolúwa ọmọ wa súnmọ́ ọn, ó fi èékánná kàn án lẹ́ẹ̀kan, kò, ó sì dẹ etí. Mo wò ó, ó wò mí. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà, pásítọ̀ kò mọ ibi tí òun bá orin dé mọ́. Ó dá mi lójú pé bí baálé mi ti dé ẹnu ibodè ọ̀run, ó ti kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ wò, ó sì ti sọ fún áńgẹ́lì tó ń ṣọ́ ọ pé wọn kò ṣe é dáadáa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀bẹ fún yín.

Ìgbà Sáàpù ni, tí ètò ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà mọ ohun tí mò ń wí. Mílíìkì di ohun tí a ń lọ wò ní ìsọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ, à ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ẹran ọdún. Ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ bíi mángòrò tí ìjì fẹ́. Akọ̀wé ni Bàbá Ìrètí níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí àwọn àlejò ìjọba bá ti jẹun tán, yóò ka ṣíbí, yóò sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ìwé ìdádúró kàn án, ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó ní: "Ìyá Ìrètí, mo ti fẹ̀yìn tì."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni o.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ òkú: ó mọ oúnjẹ. Níbi tí ó ti ń dúró de ṣíbí, ó ń wo ọwọ́ àwọn alásè, kò sì sí ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè tí kò mọ bí wọ́n ti ń sè é. Nítorí náà nígbà tí a gbọ́ pé Màdáàmù Ìbídùnní, oníṣòwò kòkó kan ní ìlú Oǹdó, ti kọ́ ilé àlejò tuntun, tí ó sì ń wá ọ̀gá alásè, Bàbá Ìrètí jókòó, ó kọ lẹ́tà. Ó yẹ kí ó kọ ọ́ pé òun mọ ọbẹ̀ sè. Ohun tí ó kọ ni pé ọdún mọ́kànlá ni òun fi bọ́ àwọn kọmíṣọ́nnà.

Màdáàmù fèsì: "Wá ní ọjọ́ Sátidé. Àlejò mẹ́wàá ni o máa sè fún. Alásè tó mọṣẹ́ kì í yá ọ̀bẹ. Mú tìrẹ dání."

Ibi ọ̀bẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí.

Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Ìyá mi ló fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. A ti pọ́n ọn ní etí pèpéle ẹ̀yìnkùlé títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùpá ọjọ́ kẹta, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ni a sì fi di èèkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú! Bí eṣinṣin bá bà lé e, ẹsẹ̀ méjì ni yóò gbé lọ.

"Kí n gbé èyí dé iwájú Màdáàmù?" ni Bàbá Ìrètí wí. "Wọn yóò rò pé mo wá tọrọ báárà."

Ogún náírà ló kù nínú àpótí mi. Àfi owó mọ́tò tí mo so mọ́ etí aṣọ, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí iṣẹ́ Oǹdó yìí kò bá bọ́ sí i lọ́wọ́, Ìkàrẹ́ ni a ó padà sí, sí yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, èmi àti ìyá ọkọ mi kò sì lè gbé yàrá kan. Mo ka owó náà lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Ìrètí," mo ní, "àpò là ń wò kí a tó sọ ọ̀bẹ lórúkọ. Ẹ ra èyí tó mú, kí ẹ mú ṣéńjì bọ̀."

"Ìwọ kò mọ irin," ni ó wí. "Èmi mọ irin."

Ó di Ọjà Ọba. Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ọ̀bẹ, àdá àti abọ́ níbẹ̀, òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, n kò sì rò pé ó fi iyọ̀ sí i.

"Ẹ káàbọ̀, Alàgbà. Irú ọ̀bẹ wo?"

"Ọ̀bẹ ọ̀gá alásè."

Ràímì mú ọ̀bẹ dúdú kan sílẹ̀, ó gbòòrò, kò lẹ́wà rárá. "Náírà méje. Ẹ dì í mú. Ṣé ẹ rí i pé orí rẹ̀ kò wúwo ju ìdí lọ? Ẹ wo ìdí èèkù: irin rẹ̀ là á já, igi kò ní yọ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń rẹ́ àlùbọ́sà, ìka yín kò ní máa gbá pátákó. Ẹ gbà, ẹ fi gé bébà yìí wò. Súpíríǹgì mọ́tò Bẹ́ǹsì ni irin rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan ní Ilu-Abo ló rọ ọ́. Kìkì pé kí ẹ máa nù ún gbẹ bí ẹ bá lò ó tán, nítorí ìpẹtà."

Ọkọ mi kò gé bébà. Ó ta ọ̀bẹ náà ní ìka. Tọ̀.

"O gbọ́ ọ? Ó ń húkọ́. Irin oko nìyí."

Ni ó bá gbé ojú sókè. Àpótí kan wà lórí pẹpẹ lókè, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, aṣọ pupa múlọ́múlọ́ ló tẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀bẹ gígùn kan sùn sórí aṣọ náà, ó ń dán bíi dígí, èèkù rẹ̀ funfun bí eyín erin, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Bàbá Ìrètí na ọwọ́, ó ta á.

Gbìǹ-ìn-ìn-ìn-ìn!

Ràímì ní àwọn aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yíjú wò bóyá wọ́n ti ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

"JÁMÁNÌ!" ni ọkọ mi pariwo.

"Alàgbà, ìyẹn kì í ṣe èyí tí a ń…"

"Má kọ́ mi."

"Mo ní a máa ń fi í…"

"Èló?"

"Ogún náírà ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n…"

"Gbà!"

Ó ju owó sórí àtẹ, ó pa àpótí dé, ó gbé e sí abíyá, ó ń lọ. Ràímì ń sáré tẹ̀lé e láàárín ọjà: "Alàgbà! Alàgbà! Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀!" Ọkọ mi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Mo ti mọ ìparí rẹ̀!" ni ó dá a lóhùn, ó sì kó sínú takisí.

Ó délé, kò jẹ́ kí n ṣí àpótí. Ó ní atẹ́gùn kò gbọdọ̀ fẹ́ ọ̀bẹ Jámánì kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́. Mo bèèrè ṣéńjì. Ó wò mí bí ẹni tó bèèrè ṣéńjì lọ́wọ́ ọba. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ti ọkọ mi tó o, òun ló sì kó bá wa.

Nígbà tí Sátidé pé, mo gbé Ìrètí fún aládùúgbò wa, mo tú náírà márùn-ún tó wà ní etí aṣọ mi, mo ra ọsàn mẹ́ta, mo ju ọ̀bẹ ilé sínú àpò, mo sì tẹ̀lé e.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ yẹn ṣe?" ni ó bèèrè.

"Mo fẹ́ fi bó ọsàn lọ́nà ni."

Òótọ́ ni, ó ku díẹ̀. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́.

Nínú mọ́tò, láti Àkúrẹ́, Bàbá Ìrètí ni ó ń ṣe ìwàásù. Ó sọ ti irin, ó sọ ti Jámánì, ó kan gíláàsì mọ́tò, ó sọ fún awakọ̀ pé ayédèrú ni. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹ̀nà, ọlọ́pàá dá wa dúró. Àwọn adigunjalè pọ̀ nígbà náà, ojú àwọn ọlọ́pàá sì le.

"Bàbá, kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ìdáhùn. Ó lè sọ pé ọ̀bẹ ìdáná ni. Ọkọ mi fẹ àyà, ó ní: "Ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ mi, bí o bá rí i, wàá sá."

Ọlọ́pàá fi ẹ̀yìn rìn, ó fa ìbọn yọ. "Gbogbo yín, ẹ bọ́ọ́lẹ̀! Ọwọ́ sórí!" Èmi, awakọ̀, ìyá arúgbó kan tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, gbogbo wa káwọ́ lérí lẹ́bàá títì. Ìyá náà ń wí lábẹ́lẹ̀ pé: "Ta ló bí ẹlẹ́nu yìí?"

Wọ́n fi ẹnu ìbọn ṣí àpótí náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀bẹ náà nìyẹn. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti rí irú rẹ̀ níbì kan tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó káwọ́ lérí, kò lè rántí nǹkan púpọ̀.

Ọlọ́pàá fi àtàǹpàkò tọ́ ojú ọ̀bẹ náà. Kò sí nǹkan. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó ní kí n sọ ọwọ́ kan kalẹ̀ kí n fún òun ní ọsàn kan, ó gbé ọ̀bẹ lé e, ó wa eyín pọ̀, ó fà á. Ọsàn náà kàn tẹ̀ wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, nígbà tí ó gbé ọ̀bẹ kúrò, ó tún yọ padà.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbìyànjú. Wọ́n wojú ara wọn.

"Bàbá," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí, "ẹ máa lọ. Bí a bá gbé èyí dé kóòtù, àwa ni adájọ́ yóò tì mọ́lé."

A padà sínú mọ́tò. Bàbá Ìrètí wú ikọ́. "Ọ̀bẹ Jámánì kì í bá ọsàn ṣe. Ẹran ló mọ̀."

"Ààwẹ̀ ló ń gbà," ni ìyá arúgbó yẹn wí. Ẹ̀rín ni awakọ̀ ń rín títí a fi wọ Oǹdó.

Màdáàmù Ìbídùnní ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí a dé. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ó wọ léèsì funfun, kò sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin méjì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, Ṣàkírátù àti Kàdíjátù. Wọ́n ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nínú ọwọ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ ẹlòmíràn, wọn kò sì wo ọwọ́ ara wọn.

"Ẹ dúró!" ni Bàbá Ìrètí pariwo. "Inú ọwọ́ kọ́ ni ọ̀gá alásè ti ń gé nǹkan. Ẹ gbé pátákó wá!"

"Pátákó wo, Alàgbà?"

Wọ́n wá pátákó títí. Ìdérí àgbá omi ni wọ́n rí. Ọkọ mi nù ún, ó ṣí àpótí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì, ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó ta á ní ìka. Gbìǹ-ìn-ìn-ìn!

"Àwọn baba wa ní, bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni," ni ó wí. "Ẹ wò ó, ọwọ́ tèmi ti tẹ èèkù. Kí adìyẹ máa bọ̀!"

Adìyẹ náà bọ̀. Wọ́n ti pa á, wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà adìyẹ ni, ó ti yé ẹyin títí ó fi sú u. Bàbá Ìrètí gbé ọ̀bẹ sókè, ó sọ ọ́ mọ́ itan rẹ̀. Ọ̀bẹ fò padà sókè. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Adìyẹ yọ̀ kúrò lórí ìdérí àgbá, ó gba afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì balẹ̀ síwájú bàtà Màdáàmù, bí ẹni pé ó wá fi ẹjọ́ sùn.

"Ṣé kò tíì kú ni?" ni Kàdíjátù bèèrè.

"Ó ti kú," ni ọkọ mi wí.

"Èwo nínú wọn? Adìyẹ ni, àbí ọ̀bẹ?"

Ṣàkírátù fi aṣọ bo ẹnu. Òógùn ti bo ọkọ mi. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi tòmátì jí ọ̀bẹ náà lójú oorun. Ó gbé tòmátì tó pọ́n jù sórí pátákó, ó tẹ̀ ẹ́. Tòmátì náà kò gé, ó bẹ́! Omi rẹ̀ ta lọ gbọọrọ, ó sì di àwòrán sí àyà léèsì funfun.

Màdáàmù wo àyà rẹ̀, ó wo ọ̀bẹ náà.

"Ojú rẹ̀ ló kàn ń tòògbé," ni Bàbá Ìrètí wí. Ó sáré jáde sí pèpéle ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọ̀bẹ Jámánì lórí sìmẹ́ǹtì. Fíííì! Fíííì! Ní ìkẹta, dídán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Lábẹ́ rẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú bíi agolo tí ó ti pẹ́ nínú òjò. Ní ìkarùn-ún, ó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ó fi orúnkún nà án, ó tẹ̀ sí òsì. Nígbà tí ó gbé e padà wọlé, ó dà bí etí ajá tó ń sùn.

Màdáàmù na ọwọ́. "Mú un wá." Ó gbé awò ojú wọ̀, ó tú ríbọ́ọ̀nù, ó yí ọ̀bẹ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá."

"Màdáàmù."

"Ìyàwó dà?"

"Màdáàmù?"

"Ọ̀bẹ kéèkì ìgbéyàwó nìyí. Òun ni ọkọ àti ìyàwó máa ń jọ dì mú, tí wọ́n á fi kan kéèkì lórí kí ẹni tó ń ya fọ́tò lè yà wọ́n. Kì í gé nǹkan. Kéèkì gan-an, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ mìíràn gé e. Mo ní, ìyàwó dà?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ṣàkírátù bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni mo tó rántí ibi tí mo ti rí irú ọ̀bẹ yẹn rí, kì í ṣe níbi ìgbéyàwó tèmi. Nígbà tiwa, kò sí owó kéèkì. Búrẹ́dì ni a gé, ọ̀bẹ ìyá mi ni a sì fi gé e.

Ọ̀bẹ yẹn gan-an ló wà nínú àpò mi.

Mo wo ọkọ mi. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí ju ogún náírà lọ. Mo gbé adìyẹ nílẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo mú ọ̀bẹ onírọ́bà jáde. Adìyẹ tó bá gbó, a kì í bá egungun rẹ̀ jà, oríkèé rẹ̀ là ń wá. Mo wá a, mo rí i: kẹ́rẹ́, itan bọ́, kẹ́rẹ́, apá bọ́. Mo gbé ẹ̀fọ́ sí ọwọ́, mo rẹ́ ẹ. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, nígbà tó yá ohùn rẹ̀ padà dé, ó rọlẹ̀: "Jẹ́ kí epo jinná díẹ̀ sí i. Ó tó. Irú ló kàn báyìí. Má ro ó."

Ọwọ́ mi ló sè é, orí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn àlejò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ ẹ́, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ó kù.

Màdáàmù pè wá. "Ìyá Ìrètí, ìwọ ni mo gbà síṣẹ́. Iye tí mo fẹ́ san fún un ni n óò san fún ọ."

"Ẹ ṣé, Màdáàmù. Bàbá Ìrètí ńkọ́?"

Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Irú ẹnu báyìí kò gbọdọ̀ ṣòfò. Kí ó jókòó níwájú, kí ó máa gba àlejò. Kí ó máa sọ fún wọn pé Jámánì ni a ti ra bẹ́ẹ̀dì."

Kò sí iṣẹ́ tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ láyé!

Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Ràímì. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀bẹ dúdú olónáírà méje, èyí tí ọkọ mi ti sọ fún mi pé ó ń húkọ́. Mo júwe ọkọ mi fún un, kí ó lè mọ èyí tí mò ń wí. Ṣe ni ó fò dìde.

"Ìyàwó Alàgbà! Àpótí mi dà?"

"Àpótí rẹ wo? Ṣebí o tà á?"

"Mo tà á kẹ̀? Yíyá ni! Náírà méjì ni owó yíyá rẹ̀, ogún náírà yẹn, ìdógò ni! Bí wọ́n bá dá a padà láìbàjẹ́, wọn óò gba méjìdínlógún. Ohun tí mò ń sọ tí wọn kò jẹ́ kí n parí nìyẹn. Ìyá, ìyàwó mẹ́ta ni mo ti lé padà láti ọjọ́ náà!"

Mo sọ fún un pé ó ti bàjẹ́. N kò sọ bí ó ti bàjẹ́ tó.

Mo padà dé Oǹdó, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Ìrètí. Ó gba ọ̀bẹ dúdú náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó tinú-tẹ̀yìn, ó gbé e súnmọ́ etí, ó sì ta á ní ìka. Tọ̀.

Ó dẹ etí pẹ́.

"Jámánì," ni ó wí.

Ẹ̀rín gbé mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àfi ìgbà tí mo fọ ọ̀bẹ náà tán, tí mò ń nù ún gbẹ, ni mo rántí pé Ràímì ní súpíríǹgì Bẹ́ǹsì ni irin rẹ̀, Jámánì ni wọ́n sì ti ń ṣe Bẹ́ǹsì. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi bá ọkùnrin yìí gbé, ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn ni ó gbà á.

N kò sọ fún un. Ta ni yóò gbọ́ ariwo rẹ̀?